Élì Kò Jágbe Mọ́ Ọmọ Tí Ó Jí I Lóru

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 3:1-10

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa fa ìwé ìròyìn yìí mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹ ti ń kà á. Ẹ má tíì lé wọn. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni a fẹ́ sọ lónìí.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn bí Ọlọ́run ṣe pe Sámúẹ́lì ní Ṣílò. Láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ti fi kọ́ wa. Bí a bá ń wàásù lórí rẹ̀, ọmọ tí ó dáhùn ni a máa ń yìn, a ó sì gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí àwọn náà máa fetí sí ohùn Olúwa. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun sì ni bàbá àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ó ti rí. Élì ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ti dùbúlẹ̀ sí ààyè rẹ̀. Ọmọdé kan sáré tọ̀ ọ́ wá ní òru, ó ní òun nìyí, bàbá pe òun. Bàbá kò pè é. Bàbá ní kí ó padà lọ dùbúlẹ̀. Kò pẹ́, ọmọ tún dé. Bàbá tún ní òun kò pè é, ó tilẹ̀ pè é ní ọmọ òun, ó sì ní kí ó padà lọ sùn. Ọmọ tún dé nígbà kẹta. Ìgbà kẹta yìí ni ó tó yé Élì pé Olúwa ni ó ń pe ọmọ náà, tí ó sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ.

Ẹ má sì gbàgbé pé Sámúẹ́lì kì í ṣe ọmọ tí Élì bí. Ọmọ Hánà ni. Lẹ́yìn tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú ni ìyá rẹ̀ mú un wá, ọdọọdún ni ó sì ń rán aṣọ kékeré wá fún un. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó jí bàbá ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ bá mi wá ilé kan ní àdúgbò yín tí ọmọdé ti lè jí bàbá ilé ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní òru kan ṣoṣo, kí bàbá má sì fi ìbínú dìde. Ní ìgbà kìíní, a ó ní, "Ta nìyẹn?" Ní ìgbà kejì, a ó ní, "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí gan-an?" Ní ìgbà kẹta, bàtà ti fò. Bí ó bá jẹ́ èmi ni Élì ní ọdún tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ẹkún ni Sámúẹ́lì ìbá sun padà sórí ẹní rẹ̀. Bí Olúwa bá sì pè é ní ìgbà kẹrin, aṣọ ni ìbá fà bo orí.

Ọmọ márùn-ún ni Olúwa fi ta èmi àti ìyàwó mi lọ́rẹ láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ nínú yàrá méjì yóò mọ ohun tí mo ń wí. Kí aago mẹ́fà ìdájí tó lù, ọ̀kan ti tọ̀ sórí ẹní, ó sì ti rọra yí ẹní náà padà kí a má baà rí i. Ọ̀kan ń wá ẹsẹ̀ kan sálúbàtà rẹ̀, èyí tí ó wá lánàá, tí ó sì wá ní ìjẹta. Ẹ̀kẹta ń ké pé wọ́n ń wo òun. "Ta ló ń wò ẹ́?" "Òun ni." "Kí ló fi ń wò ẹ́?" "Ojú ni." Ẹyin méjì péré ni ìyá wọn yóò pò mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòmátì àti àlùbọ́sà kí ó lè kárí gbogbo wa, síbẹ̀ èyí tí ó kéré jù yóò wo àwo tirẹ̀, yóò wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìjà dé. Bí a bá sì dé ìdí àdúrà ìdílé, a ó ní kí gbogbo wọn dijú. Kí a tó dé ibi àmín, ẹnìkan yóò ti fi ẹjọ́ sùn pé lágbájá kò dijú. A ó bi í pé báwo ni òun ṣe rí i.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe inú ilé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni mo ti kọ́ ohun tí mo ń kọ sí yín. Ní àkókò náà, ìdíwọ́ ni mo ka gbogbo ariwo wọ̀nyí sí. Mo gbà pé ìdí pẹpẹ ni iṣẹ́ Olúwa wà, àwọn ọmọ sì ni kì í jẹ́ kí n ráyè múra sílẹ̀ fún un.

Ní ọdún 2004, ní àsìkò òjò, ọmọ wa kejì, ọkùnrin, jẹ́ ọmọ ọdún méje. Iná ti lọ láti àárọ̀, mo sì jókòó ti àtùpà, mo ń kọ ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ má bi mí ní àkòrí rẹ̀, nítorí ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọmọ náà yọjú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo ní ṣé kò mọ ibi tí omi wà ni. Kò pẹ́, ó tún dé, ó ní òtútù ń mú òun. Mo ní kí ó lọ fi aṣọ bora. Ní ìgbà kẹta, kò sọ ohunkóhun. Ó kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di aṣọ ìkélé mú. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kò gbọdọ̀ wá mọ́, pé bí mo bá tún rí ojú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pàṣán ni yóò dá a lóhùn. Ó lọ.

Nígbà tí ó di nǹkan bí aago kan òru, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ìjọ wa ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ní aáwọ̀. Mo dìde lójú ẹsẹ̀. Mo fún un ní àga, mo fún un ní omi, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, mo gbàdúrà fún un, mo sì sìn ín dé géètì. Mo padà sùn pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn pé olùṣọ́-àgùntàn rere ni mí.

Ilẹ̀ mọ́, a lu agogo àdúrà, ọmọ kò dìde. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ mọ bí ibà ọmọdé ti máa ń yára le. A wá takisí, a gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ibà ni, wọ́n sì fa omi sí i lára. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú fún wa, ara rẹ̀ yá.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò wá pè wá nígbà tí ara ń ni ín ní òru. Ọmọ náà ní, "Bàbá ní kí n má wá mọ́." Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn yíjú sí mi, ó ní, "Ẹni tó kanlẹ̀kùn lóru yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kàn án." Kò tún sọ nǹkan mìíràn lórí ọ̀rọ̀ náà títí a fi dé ilé.

Olùfẹ́, ẹ padà wo ẹsẹ keje nínú ibi tí a kà. Ibẹ̀ sọ fún wa pé Sámúẹ́lì kò tíì mọ Olúwa. Ohùn tí ó mọ̀ ní òru ni ohùn Élì. Nítorí náà, nígbà tí Ọlọ́run pè é, ọ̀dọ̀ Élì ni ó sáré lọ. Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọlọ́run pe ọmọ, ọmọ rò pé bàbá ni. Ó ní láti jẹ́ pé ohùn méjèèjì jọ ara wọn ní etí rẹ̀ ni. Bí Élì bá jẹ́ bàbá tí ọmọ ń sá fún ńkọ́? Ohùn Ọlọ́run ìbá jọ ohùn ẹni tí à ń sá fún, ìyẹn sì ni ọmọ náà ìbá fi bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa tó lè ka Bíbélì, kí wọ́n tó lè jókòó gbọ́ ìwàásù láìsùn, wọ́n ti mọ bí ó ti máa ń rí bí ènìyàn bá pe bàbá. Ẹ̀kọ́ náà kì í dúró de agogo àdúrà. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ mu omi ni wọ́n ń kọ́ ọ, ìgbà tí wọ́n bá da ọbẹ̀ sórí aṣọ ilé ìwé, ìgbà tí wọ́n bá ní nǹkan kan wà lẹ́yìn fèrèsé, tí a sì mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó gbà mí kí n tó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ wa, bí àgbà bá ṣẹ ọmọdé, ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà tún un ṣe. Yóò pe ọmọ náà kí ó wá mú ẹran nínú ọbẹ̀ òun. Yóò ra búrẹ́dì bọ̀ láti òde. Yóò rán an ní iṣẹ́ kan tí kò nídìí, yóò sì ní kí ó máa mú ṣéńjì lọ. Gbogbo ilé yóò mọ̀ pé bàbá ti bẹ̀bẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ rẹ̀. N kò sọ pé ẹran kò dára. Èmi náà ra súyà. Ọmọ náà gbà á, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ ṣé sà, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì padà lọ jókòó ti ìyá rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju súyà lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí a pé jọ fún àdúrà, mo sọ fún gbogbo wọn pé ní òru ọjọ́ báyìí, arákùnrin wọn wá pè mí nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, èmi sì lé e. Mo ní mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì ṣẹ Ọlọ́run. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo ní, "Má bínú." Ilé dákẹ́. Ọmọ náà fi ojú pamọ́ sínú ìró ìyá rẹ̀. Ẹ̀kẹrin wọn, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ní, "Ta ló máa wá na Bàbá?"

Ìyá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìdáhùn fún ìbéèrè náà.

N kò ní parọ́ fún yín pé láti alẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti gún. Ó tó oṣù mélòó kan kí ọmọ náà tó tún wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní òru. Nígbà tí ó sì dé, ẹ̀fọn ni ó wá fi sùn. Mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì, àwa méjèèjì jọ lé ẹ̀fọn.

Mo mọ̀ pé àwọn alàgbà kan tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti ń mi orí. Wọ́n á ní, ṣé bí a ó ti máa bẹ ọmọdé nìyí? Ṣé Òwe 13:24 kò sí nínú Bíbélì Pásítọ̀ ni? Ó wà níbẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. N kò gba pàṣán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra, ìgbà tí wọ́n sì ń sọ bẹ́ẹ̀, ìwé Kólósè kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìbéèrè mi ni pé níbo ni ọwọ́ òsì wa wà? Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ṣẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò ṣẹ̀. Ọmọ tí ó da omi nítorí pé ife tóbi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ kò ṣẹ̀. Ó kàn yọ wá lẹ́nu ni. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń torí rẹ̀ na ọmọ nínú ilé onígbàgbọ́, ìyọlẹ́nu ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, orúkọ Ọlọ́run ni a sì fi ń bò ó.

Lọ́dọọdún ní ọjọ́ àwọn ọmọdé, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, a ó tò wọ́n síwájú ìjọ, a ó sì ka Éfésù orí 6 fún wọn láti ẹsẹ kìíní, níbi tí a ti ní kí àwọn ọmọ máa gbọ́ ti òbí wọn. Bí a bá ti dé ẹsẹ kẹta, ọ̀pọ̀ nínú àwa oníwàásù a pa Bíbélì dé. Ẹsẹ kẹrin ni Pọ́ọ̀lù ti yíjú sí àwọn baba, tí ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe máa mú àwọn ọmọ wọn bínú. Nínú Kólósè 3:21 ó sọ ìdí rẹ̀: kí ọkàn àwọn ọmọ náà má baà rẹ̀wẹ̀sì. Òwe 28:13 pẹ̀lú, tí ó sọ nípa ẹni tí ó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò yọ baálé ilé sílẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, ṣebí Élì tí ẹ ń yìn yìí náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ bàjẹ́? Òótọ́ ni. Hófínì àti Fíníhásì sọ ilé Olúwa di ibi ìtìjú, Ọlọ́run sì bá Élì wí ní orí kẹta yìí kan náà pé ó mọ̀, kò sì kó wọn ní ìjánu. Ẹni tí ó bá rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan ti tó, kí ó ka ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí kejì náà. Níbẹ̀, nígbà tí Élì ń bá wọn wí, ohun tí ó sọ ni pé ẹnu àwọn ènìyàn ni òun ti ń gbọ́ ìwà wọn. Àwọn ará ìta ni wọ́n ń ròyìn ọmọ rẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí máa ń bà mí gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run, nítorí mo ti rí i láàárín àwa tí a jọ wọ kọ́là: ẹni tí gbogbo ìjọ lè rí bá sọ̀rọ̀ ní aago méjì òru, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu ará ìjọ ni yóò ti gbọ́ pé ọmọ òun ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ọmọ tí a lé ní ìgbà kẹta kò ní wá ní ìgbà kẹrin. Yóò wá ẹlòmíràn tí yóò máa gbọ́ ọ.

Obìnrin kan wà tí ìgbé ayé rẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì mọ̀ ọ́n dáadáa: Susanna Wesley, ìyá John àti Charles, tí ó gbé ní Epworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ 19 ni ó bí, 10 nínú wọn ni ó dàgbà. Àlùfáà ni ọkọ rẹ̀, owó kò sì tó wọn rárá. Ní ọdún 1705, wọ́n fi ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè. Ní oṣù Kejì ọdún 1709, ilé wọn jóná kanlẹ̀ ní òru, ojú fèrèsé ni wọ́n ti gba John, ọmọ ọdún márùn-ún, jáde. Susanna kì í kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó gbà pé pàṣán ní iṣẹ́ tirẹ̀, láti kékeré jòjòló sì ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ sunkún, kí wọ́n rọra sun ún. Síbẹ̀ ó ní òfin méjì tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò. Ọmọ tí ó bá jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe láìparọ́, tí ó sì ṣèlérí àtúnṣe, wọn kò ní nà án. A kò sì gbọdọ̀ bá ọmọ wí lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rán ọmọ létí ife tí ó fọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gbọ́ o.

Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ sí ọkọ rẹ̀ ní ọdún 1712, ó sọ bí ó ti pín ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Alaalẹ́ ni ó ń pe ọ̀kan sọ́tọ̀, kí àwọn méjèèjì lè jọ sọ̀rọ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti John, alẹ́ Àbámẹ́ta ni ti Charles, àwọn méjì ni wọ́n sì jọ ní ọjọ́ Ìsinmi nítorí pé ọmọ pọ̀ ju ọjọ́ lọ. Nígbà tí John ti dàgbà, tí ó ti di olùkọ́ ní Oxford, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣì máa yọ̀ǹda díẹ̀ nínú alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn fún òun.

Èmi kò lè ṣe é bí ti Susanna, mo kàn mú èyí tí ó ṣeé ṣe fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo bá ń lọ ra kẹrosíìnì. Ọ̀nà náà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ ní àlọ àti àbọ̀. Ọmọ kì í sọ̀rọ̀ bí ẹ bá mú un jókòó tí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn bí adájọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ń rìn, tí ó ń ta òkúta lójú ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ yóò là. Lójú ọ̀nà yìí ni mo ti mọ̀ pé àkọ́bí wa, obìnrin, kì í rí ohun tí wọ́n ń kọ sára pátákó ní kíláàsì. Odidi ọdún kan ni a ti ń bá a jà nítorí pé ipò rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, a ti nà án, a sì ti gbàdúrà lé e lórí pé kí ẹ̀mí ìgbàgbé kúrò lára rẹ̀. Awò ojú ni ọmọ náà nílò.

Ní ọdún 2004, ìwé ìwàásù ni ó gba ojú mi kúrò lára ọmọ. Lóde òní, fóònù ni. Mo ń rí i nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo bá bẹ̀ wò. Ọmọ á pe bàbá, bàbá á ní hùn-ún. Ọmọ á tún pè é, á tún ní hùn-ún láìgbójú sókè. Bí ó bá pè é ní ìgbà kẹta, fóònù ìyá rẹ̀ ni wọn yóò fi lé e lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́. Ó sì lè jẹ́ àdúrà gan-an ni bàbá ń kà lórí WhatsApp. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù tí wọ́n ń lé àwọn ọmọdé nínú Máàkù orí 10 náà, iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Àwọn ni inú bí Jésù sí lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ kan tún kù tí n kò ní gbójú fò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bàbá kì í gbọ́ ìpè ọmọ ní òru nítorí pé ìyá ti dìde kí ó tó gbọ́. Ó ti fún un ní omi, ó ti pààrọ̀ aṣọ tí ó tọ̀ sí, ó ti fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ wò bóyá ó gbóná, ó ti padà dùbúlẹ̀. Bàbá yóò jí ní òwúrọ̀, yóò ní a dúpẹ́, oorun dára. Ọwọ́ òsì tí mo bèèrè lẹ́ẹ̀kan, lára ìyàwó yín ni ẹ gbé e sí. Ní alẹ́ òní, ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣáájú rẹ̀ dìde.

Ní Kérésìmesì tí ó kọjá, ọmọ wa ọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ wá lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ilé kún bí ti àtijọ́. Ní òru ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń pe dádì rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó dá a lóhùn. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ tún pè é, omi ni lọ́tẹ̀ yìí. Oorun ti dá lójú mi, mo ti ń kà á. Nígbà tí ó di ìgbà kẹta, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí, tí ọmọ mi sì ní, "Kí ló tún dé, bàbá mi?" Oorun wà nínú ohùn rẹ̀, kò sí ìbínú níbẹ̀. Ọmọ náà ní òun kò mọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀ nínú òkùnkùn, mo ń gbọ́ ohùn wọn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo fẹ́ dìde lọ bá wọn. Ìyàwó mi, tí mo rò pé ó ti sùn, ní kí n fi wọ́n sílẹ̀.